Ta ló ń wo ìkòkò aró náà?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ ìtàn àròsọ kan nípa ìyá aláró kan ní Ìtọ́kú, l'Abẹ́òkúta, ní nǹkan bí ọdún 1935. Àbẹ̀kẹ́ ni mo sọ ọ́. Àwọn oníbàárà kò fẹ́ dúró mọ́, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í da kọ́sítíìkì sódà, kẹ́míkà tó ń mú iṣẹ́ aró yá, sínú aró ní bòókẹ́lẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì wá ká a mọ́. Ní orí kejì, mo fi ojú ewé mẹ́fà ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe aró, nítorí mo lọ jókòó ti àwọn ìyá aláró fún ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò sì fẹ́ kí ohun tí mo rí níbẹ̀ ṣòfò. Ọ̀rẹ́ mi kan kà á, ó ní oorun gbé òun lọ. Ọ̀rẹ́ mi kejì ní ibẹ̀ gan-an lòun gbádùn jù. Nígbà tó di orí karùn-ún, ẹni tí oorun gbé lọ yẹn tún ní mo sáré kọjá, pé òun ò rí nǹkan kan. Kí ni kí n fi sílẹ̀, kí ni kí n yọ? Ṣé ó ní ìwọ̀n kan tó yẹ kí n máa tẹ̀ lé ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ o, o sì kú ìjókòó. Ọ̀sẹ̀ méjì nídìí ìkòkò aró kì í ṣe eré. Mo ka àwọn orí tí o fi ránṣẹ́, mo sì tún wọn kà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ kò parọ́ fún ọ. Àwọn méjèèjì ló tọ̀nà, ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni mo sì fẹ́ bá ọ sọ. Kò sí kóńgò tí wọ́n fi ń wọn kúlẹ̀kúlẹ̀ bí ẹni ń wọn gàrí. Mo ti ka ìtàn tó fi ojú ewé mẹ́wàá sọ̀rọ̀ nípa yàrá kan ṣoṣo tí mi ò sì fẹ́ kó tán. Mo sì ti ka èyí tó fi gbólóhùn mẹ́ta ṣàpèjúwe fìlà tí mo fi pa ìwé náà dé. "Mélòó ló tó?" kọ́ ni ìbéèrè tó máa yọ ọ́. Ìbéèrè tó máa yọ ọ́ ni èyí tí ẹnì kan bi mí nígbà tí èmi náà wà níbi tí o wà yìí.

Mo ti kọ ìtàn mi àkọ́kọ́ tán nígbà yẹn, mo gbé e lọ fún olóòtú àgbà kan n'Ìbàdàn. Kóòtù ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti lọ jókòó ní kóòtù bí ìwọ náà ṣe lọ jókòó ti àwọn aláró, torí náà mo kó gbogbo ohun tí mo rí síbẹ̀: fáànù tó ń dún kẹ̀ẹ̀kẹ̀ẹ̀, ìjókòó pákó, àwòrán ara ògiri, àwọ̀ ìlẹ̀kùn, ẹ̀wù dúdú àwọn lọ́yà. Baba náà dá ìwé padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní ẹ̀gbẹ́ ojú ewé kìn-ín-ní, ó fi pẹ́ńsù kọ gbólóhùn kan ṣoṣo: "Ta ló ń wò ó?" Inú bí mi. Mo rò pé kò kà á rárá ni. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ọkùnrin inú ìtàn mi ń dúró de ìdájọ́, wọ́n fẹ́ rán an lẹ́wọ̀n. Ẹni tí wọ́n fẹ́ rán lẹ́wọ̀n kì í ka ìjókòó. Ọwọ́ adájọ́ ló ń wò, bóyá ó ti mú kálàmù àbí kò tíì mú un. Ẹnu ọ̀nà ló ń wò, bóyá ìyàwó òun ti dé. Fáànù yẹn, èmi òǹkọ̀wé ni mo ń wò ó.

Jẹ́ ká gbé ìbéèrè baba yẹn lọ sí Ìtọ́kú. Èyí ni ìpínrọ̀ kan nínú orí kejì rẹ:

"Wọ́n á já ewé ẹ̀lú, wọ́n á gún un nínú odó, wọ́n á sù ú ní ṣíṣù-ṣíṣù, wọ́n á sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ. Wọ́n á sun igi di eérú. Wọ́n á kó eérú náà sínú ìkòkò tí wọ́n dá ihò sí nídìí, wọ́n á gbé e ka orí ìkòkò mìíràn, wọ́n á da omi lé e. Omi náà á máa kán sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Omi yìí ni wọ́n á fi rẹ ẹ̀lú fún ọjọ́ mélòó kan. Òórùn aró a máa lágbára púpọ̀."

Kò sí irọ́ kan níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wo iye "wọ́n" tó wà nínú ìpínrọ̀ kan. Ta ni "wọ́n" yìí? Àbẹ̀kẹ́ kọ́. Àlàyé tí ìyá aláró ń ṣe fún àlejò nìyẹn, àlejò náà sì ni ìwọ. O gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn, o sì gbé e fún wa bí o ṣe gbà á, láìjẹ́ kó gba ara Àbẹ̀kẹ́ kọjá.

Mú òórùn yẹn nìkan. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí Àbẹ̀kẹ́ ti ń ṣe aró. Ṣé ó ṣì ń gbọ́ òórùn rẹ̀ ni? Ẹni tó ń gbé nídìí ọlọ kì í gbọ́ ariwo ọlọ mọ́. Ẹni tó máa gbọ́ òórùn aró ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. O ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn rẹ, o kàn gbàgbé rẹ̀ sínú orí kìn-ín-ní ni: ìyàwó tuntun tí wọ́n gbé fún ọmọkùnrin rẹ̀, tó ti Èkó wá. Jẹ́ kí ìyàwó náà wọ àgbàlá lówùúrọ̀, kó fi etí gèlè bo imú, kí ìyá ọkọ rẹ̀ sì rí i. O ò nílò láti kọ "púpọ̀" mọ́. A ti gbọ́ òórùn náà, a sì ti mọ̀ pé àwọn obìnrin méjì yìí kò ní bára wọn gbé ní ìrọ̀rùn.

Kí wá ni Àbẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ máa ń rí? Ohun tí kò bá lọ bó ṣe yẹ ni. Gbogbo ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú ló rí bẹ́ẹ̀. Aránṣọ kì í rí ọgọ́rùn-ún ojú òwú tó gún, ẹyọ kan tó fò ló ń rí. Nínú àkọsílẹ̀ tí o fi mọ́ ọn, o kọ ọ́ pé bí aṣọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró, àwọ̀ ewé ló máa ń ní, ìgbà tí atẹ́gùn bá kàn án ló tó ń di búlúù lójú èèyàn. Mo dìde jókòó nígbà tí mo ka ibẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé o kò lò ó nínú orí kejì, o fi sínú àlàyé abẹ́ ìwé bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan. Ibẹ̀ gan-an ni ọkàn ìtàn rẹ wà. Mo gbìyànjú rẹ̀ báyìí, kì í ṣe pé kí o lò ó bẹ́ẹ̀, kí o kàn rí ohun tí mò ń wí ni:

"Àbẹ̀kẹ́ fa aṣọ náà jáde, ó gbé e sókè lọ́wọ́ méjèèjì. Àwọ̀ ewé tútù. Ìyẹn dára. Ó dúró kí atẹ́gùn kàn án. Ó ti yẹ kó máa ṣú. Ó tún dúró. Aṣọ náà di àwọ̀ ojú ọ̀run òwúrọ̀, ó sì dúró síbẹ̀, kò lọ mọ́.

'Àrẹdú o!' Ìyá kan ló ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà, tó gbé agbọ̀n sórí.

Àbẹ̀kẹ́ ti ká aṣọ náà mọ́ àyà kó tó yíjú padà dá a lóhùn."

Ka ohun tó wà níbẹ̀ nípa iṣẹ́ aró: kò ju mẹ́rin lọ. Kò sí odó, kò sí eérú, kò sí ihò ìdí ìkòkò. Síbẹ̀, ẹni tí kò jókòó ti àwọn aláró fún ọ̀sẹ̀ méjì kò lè kọ "ó ti yẹ kó máa ṣú". Ojú ewé mẹ́fà rẹ kò ṣòfò, ó wà nísàlẹ̀ gbólóhùn yẹn ló gbé e dúró. "Àrẹdú" sì ni mo fẹ́ràn jù níbẹ̀. Kíkí tí a ń kí aláró ni, àdúrà sì ni: kí ó rẹ, kí ó dú. Lọ́jọ́ tí aró kọ̀ tí kò dú, ẹni ẹlẹ́ni ń kọjá, ó ń kí i ní kíkí tó yẹ kí wọ́n kí i, kíkí náà sì ń gún un lọ́kàn. Tí ó bá jẹ́ pé o ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti fi sọ fún òǹkàwé pé àgbàlá aláró la wà, òun ni kí o mú. Èdè wa kún fún irú rẹ̀. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní kíkí tirẹ̀, bí ẹ̀dá-ìtàn rẹ bá sì kí ara wọn dáadáa, ìdajì àpèjúwe ti parí.

Nígbà tí mo bá ń ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn oníjàlá ni mo máa ń padà sí. Erin ni wọ́n ń kì, ẹranko tó tóbi jù nínú igbó. Ohun tí èèyàn lè sọ nípa rẹ̀ pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní. Oníjàlá mú ọwọ́ rẹ̀ nìkan. Ó ní ọwọ́ kan péré ni erin ní, òun ló sì fi ń fa ọ̀pẹ lulẹ̀. Ká ní méjì ni, ì bá fa ojú ọ̀run ya bí àkísà. Ọdẹ ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó ti dúró níwájú erin rí, ó mọ apá ibi tí ikú ti ń bọ̀, ojú rẹ̀ kò sì kúrò níbẹ̀. Bí ẹni tó wá ra eyín erin ló bá ń ki ẹranko yìí, ibòmíràn ni ojú rẹ̀ ì bá wà.

Wàá gbọ́ tí àwọn kan máa sọ fún ọ pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, pé kí o gé gbogbo rẹ̀ kúrú. Mo gbà pẹ̀lú òwe náà tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n mo máa ń bi wọ́n pé àbọ̀ wo? Ọ̀rọ̀ pín sí méjì, ìlàjì kan wà tó máa di odindi nínú ẹni tó gbọ́ ọ, ìlàjì kejì á kú síbẹ̀. "Inú rẹ̀ bàjẹ́" kì í di odindi nínú ẹnikẹ́ni. "Ó ká aṣọ náà mọ́ àyà" lè di odindi.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mi ò lè ṣe kí n má sọ. Ní ojú ewé kẹrin, o ní oníbàárà kan san náírà méjì fún Àbẹ̀kẹ́. Náírà kò sí lọ́dún 1935. January 1, 1973 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Láyé Àbẹ̀kẹ́, pọ́n-ùn, ṣílè àti kọ́bọ̀ ni, kọ́bọ̀ méjìlá ṣílè kan, ogún ṣílè pọ́n-ùn kan, àwọn èèyàn sì ń pe kọ́bọ̀ mẹ́ta ní tọ́rọ́, wọ́n ń pe mẹ́fà ní sísì. Ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n kúlẹ̀kúlẹ̀ kan tí kò bá jóòótọ́ ń ba ìtàn jẹ́ ju mẹ́wàá tí kò sí níbẹ̀ lọ. Bí ìyá àgbà kan tó ná ṣílè rí bá kà á débẹ̀, kò ní gba ìyókù gbọ́ mọ́, títí kan àwọn ohun tí o fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́. Ní ìdàkejì ẹ̀wẹ̀, fi tọ́rọ́ kan ṣoṣo sí ẹnu oníbàárà tó ń nájà, ọdún ti hàn, o ò ní láti kọ "láyé ìgbà náà" mọ́. Bákan náà ni ìró àdìrẹ Ìbàdàndùn tí o fi wọ ìyàwó tuntun. Ó dára fún 1935. Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ fa ìtàn náà sẹ́yìn sí 1920, yọ ọ́ kúrò, nítorí òpó gbọ̀ngàn Mápó n'Ìbàdàn ni wọ́n ń yà sára Ìbàdàndùn, ọdún 1929 ni wọ́n sì ṣí Mápó.

Bí o bá sì ń bẹ̀rù pé bóyá ìtàn tó kún fún orúkọ àdúgbò àti orin ìgbà kò ní dùn, rántí ìtàn àròsọ Sẹ̀gilọlá. Láàárín 1929 sí 1930 ni Isaac Thomas ń tẹ̀ ẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, bí ẹni pé obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló ń kọ lẹ́tà sí olóòtú. Orúkọ àdúgbò Èkó kún inú rẹ̀, orin tí àwọn èèyàn mọ̀ kún inú rẹ̀, débi pé àwọn òǹkàwé kan gbà pé ẹni gidi ló ń kọ ọ́ láti orí ibùsùn àìsàn. Kúlẹ̀kúlẹ̀ náà pọ̀ gan-an ni, ṣùgbọ́n ìgbésí ayé ara rẹ̀ ló ń sọ. Àdúgbò tó dárúkọ ni ibi tó ti gbádùn ayé tàbí ibi tí ojú ti tì í.

Ọ̀rẹ́ rẹ kejì ńkọ́, èyí tó gbádùn ojú ewé mẹ́fà náà? Má ṣe já a kulẹ̀. Irú òǹkàwé bẹ́ẹ̀ lèmi náà. Inú mi máa ń dùn bí ìwé bá fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ, inú mi sì máa ń bàjẹ́ bí mo bá ka ìtàn Yorùbá tí gbogbo èèyàn inú rẹ̀ ń "ṣiṣẹ́" láìsí ẹni tó mọ iṣẹ́ wo. Àwọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọ̀nyí ń lọ mọ́ wa lọ́wọ́, ìtàn àròsọ sì jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí wọ́n lè sá pamọ́ sí. Nítorí náà, má ju odó àti eérú yẹn nù. Wá ẹni tí Àbẹ̀kẹ́ máa kọ́ níṣẹ́. Ìyàwó tuntun náà ló tún yẹ. Bí ìyá ọkọ bá ń kọ́ ìyàwó ní bí omi eérú ṣe ń kán, tí ìyàwó da omi jù, tí ìyá ọkọ gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀ láìsọ nǹkan kan, gbogbo ìgbésẹ̀ iṣẹ́ náà lè wọlé, nítorí pé ìjà ń gbé e lọ. Mo rò pé ojú ewé méjì àbọ̀ á gbà á. Ohun tó bá ṣẹ́kù, kọ ọ́ ní àròkọ lọ́tọ̀, èmi á kà á.

Ó wá ku orí karùn-ún, tó ká mi lára ju orí kejì lọ. Ohun tí o kọ rèé: "Àdùkẹ́ rí agolo sódà náà lábẹ́ igi ìdáná. Inú rẹ̀ bàjẹ́ gan-an. Kò mọ ohun tó máa sọ fún ìyá rẹ̀." Gbólóhùn mẹ́ta, ó parí. Àbúrò mi, torí ìṣẹ́jú yìí ni o ṣe ń kọ ìwé náà! Ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ni Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá ti fòfin de sódà nínú ìtàn rẹ, bó sì ṣe ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ láàárín àwọn ọdún 1930 yẹn nìyẹn, nígbà tí àwọn oníbàárà ń ráhùn pé àdìrẹ Ẹ̀gbá kò dára mọ́. Ìyá Àdùkẹ́ jẹ́ ẹni tí gbogbo Ìtọ́kú fọkàn tán. O fi ojú ewé mẹ́fà wo ìkòkò, o wá sáré kọjá lára agolo.

Bí ayé èèyàn bá fẹ́ yí padà, ojú rẹ̀ máa ń lọ́ra. Bi ẹni tí wọ́n túfọ̀ ikú fún rí, yóò sọ fún ọ pé òun rí eèrà lórí ìlẹ̀kùn. Nítorí náà, níbí ni kí o ti gba ara rẹ láàyè. Bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó láti ojú Àdùkẹ́. Ó lọ mú igi ni, wọ́n rán an. Kí ni ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ kàn, àbí agolo ló dún? Ṣé wọ́n fi àkísà wé e? Àkísà wo? Bó bá jẹ́ aṣọ tí Àdùkẹ́ ti wọ̀ nígbà kékeré ńkọ́? Ọmọ ilé ìwé ni, ó lè ka gẹ̀ẹ́sì tó wà lára agolo, ìyá rẹ̀ tó rà á kò sì lè kà á. Ìkìlọ̀ ló wà níbẹ̀. Jẹ́ kó kà á, kó fi ẹnu pè é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí olùkọ́ ṣe kọ́ ọ.

Ọwọ́ náà tún wà. Sódà ń bó awọ. Ìwọ fúnra rẹ kọ ọ́ ní orí kejì pé ọwọ́ àwọn aláró máa ń búlúù dé ìgúnpá. Lọ fi ohun kan kún un níbẹ̀, kékeré báyìí, tí òǹkàwé kò ní kà sí: pé Àbẹ̀kẹ́ fi aṣọ wé ìka méjì, ó ní omi gbígbóná ló dà sí òun lọ́wọ́. Má sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ mọ́. Nígbà tí Àdùkẹ́ bá wá di agolo yẹn mú ní orí karùn-ún, tí ó ka ìkìlọ̀ tán, ìka ìyá rẹ̀ ni yóò rántí. O ò ní nílò láti sọ fún wa pé inú rẹ̀ bàjẹ́.

Bí o bá kọ ọ́ tán, má fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ lórí fóònù. Lọ bá ẹnì kan tó ń ṣe nǹkan lọ́wọ́, tó ń ṣa ẹ̀wà tàbí tó ń já ẹ̀fọ́, kí o kà á sókè fún un. Má wo ojú rẹ̀, ojú lè ṣe ojú ayé. Ọwọ́ rẹ̀ ni kí o máa wò. Níbi tí ọwọ́ bá ti dúró lórí ẹ̀fọ́, fàmì sí ẹ̀gbẹ́ ìlà yẹn, má fọwọ́ kàn án mọ́. Níbi tó bá ti ń yára já a, tó ń bojú wo ìkòkò rẹ̀ lórí iná, fàmì mìíràn síbẹ̀. Kọ orí karùn-ún yìí ná kí o tó padà sí orí kejì, nítorí ohun tí Àdùkẹ́ bá rí lábẹ́ igi ló máa sọ fún ọ ohun tí ìkòkò ìyá rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti fi hàn wá tẹ́lẹ̀. Mò ń retí rẹ̀.